Ta Ló Ṣe É? Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther fún Gbogbo Ẹni Tí Passive Voice Ń Dà Láàmú

Mo mọ̀ pé ẹlẹ́wà ti gbé ìkòkò kalẹ̀, pé ebi sì ń pa yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka àkòrí nìkan kí ẹ sá lọ. Ẹ dúró kà á tán, torí mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ níkẹyìn tó kan pátákó ìròyìn yìí gan-an.

Ohun tó fà á tí mo fi kọ ìtàn yìí nìyí. Nínú tẹ́ẹ̀sì Gẹ̀ẹ́sì tí a ṣe kẹ́yìn ní SS2, passive voice ni gbogbo ìbéèrè dá lé. Máàkì ogún ni, mẹ́fà ni mo gbà. Ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn tí wọ́n fún wa sọ pé Crowther kú sí Èkó. Wọ́n ní ká yí i padà sí passive, tí kò bá sì ṣeé yí padà, ká sọ ìdí rẹ̀. Èmi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ "Crowther was died in Lagos." Nígbà tí ọ̀gá wa kà á sókè, kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú ń tì mí.

Ọ̀gá ò nà mí. Wọ́n bi mí pé ta ni Crowther. Mo ní òun ló túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Wọ́n ní kí ni mo tún mọ̀ nípa rẹ̀. N ò mọ nǹkan kan mọ́. Ni wọ́n bá ní kí n lọ wá ìtàn ìgbésí ayé bàbá náà, kí n kọ ọ́ síbí fún gbogbo yín, kí n sì máa bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló ṣe é? Ó dà bí eré lójú mi nígbà náà. Kì í ṣe eré rárá.

GÍRÁMÀ DÍẸ̀ NÁ

Nínú active voice, ẹni tó ṣe nǹkan ló ń ṣíwájú gbólóhùn, òun ni olùwà. Nínú passive voice, ẹni tí wọ́n ṣe nǹkan sí ló ń bọ́ síwájú, ẹni tó ṣe é á wá lọ sẹ́yìn, tàbí kí ó má tilẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí is, was, were, been tàbí irú wọn, past participle á sì tẹ̀ lé e. "Soldiers captured Àjàyí", active nìyẹn. "Àjàyí was captured", passive nìyí. Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ogun ti pòórá nínú ìkejì.

Yorùbá ò ní irú èyí. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í pààrọ̀ aṣọ. Tí a ò bá mọ ẹni tó ṣe nǹkan, tàbí tí a ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, "wọ́n" la máa ń lò. Tí wọ́n bá jí fóònù ẹ, wàá ní "wọ́n ti jí fóònù mi", bó tilẹ̀ jẹ́ pé olè kan ṣoṣo ló jí i. Àwọn àgbà tún máa ń lo "a". "A tà á lẹ́rú" kò túmọ̀ sí pé èmi àtìwọ la tà á. Ìdí nìyí tí àwa ọmọ Yorùbá fi máa ń kọ "They captured Àjàyí" níbi tí ó yẹ ká ti kọ "Àjàyí was captured". Yorùbá inú orí wa là ń gbé sórí ìwé. Olùmáàkì á wá bi wá pé ta ni "they".

Ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká lọ sínú ìtàn.

ỌMỌ ÒṢOÒGÙN

Wọ́n bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809 ní Òṣoògùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tòde òní. Ẹ ti rí i báyìí? Gbólóhùn tó máa ń ṣíwájú ìtàn ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, passive ni: was born. Kò sẹ́ni tó bí ara rẹ̀. Afala ni orúkọ ìyá tó bí i. Àjàyí fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ àmútọ̀runwá, ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ wáyé ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, nígbà tí Àjàyí jẹ́ bí ọmọ ọdún méjìlá, àwọn obìnrin ń dáná oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo ta pé ogun ti dé. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé wá sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì yíjú padà sójú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí Àjàyí fojú kan bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ, ó gbé èyí tó kéré jù lọ́wọ́, wọ́n sì wọ inú igbó. Wọn ò rìn jìnnà. Wọ́n mú wọn, wọ́n so okùn mọ́ wọn lọ́rùn bíi ewúrẹ́, wọ́n sì ń fà wọ́n lọ. Bí wọ́n ṣe ń bojú wẹ̀yìn, iná ń jó ìlú wọn.

Ibí ni mo ti kọ́kọ́ bi gbólóhùn ní ìbéèrè ọ̀gá. Wọ́n mú wọn. Ta ló mú wọn? Ẹ ò ní gbà gbọ́, láti pírámárì ni mo ti ń rò pé àwọn òyìnbó ló wọ inú igbó wá mú àwọn ẹrú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Òṣoògùn. Àwọn Fúlàní wà nínú ogun náà, àwọn Mùsùlùmí láti Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, àwọn ẹrú tó ti sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé lára àwọn tó so okùn mọ́ ọmọ yẹn lọ́rùn ń sọ èdè tí òun náà ń sọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, ilé wa sì wà níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé, mo sì jókòó fún ìgbà díẹ̀. "They were captured" kì í ṣe irọ́, gírámà rẹ̀ sì dára. Àmọ́ ó ti ń ṣe mí láǹfààní láti ọjọ́ yìí wá, torí kò jẹ́ kí n bi ara mi pé ta ni.

LÁTI ỌWỌ́ DÉ ỌWỌ́

Ìsẹ́yìn ni wọ́n kó wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pín wọn bí ẹni pín ẹran iléyá. Wọ́n ya Àjàyí nípa kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Ẹṣin náà ò wu ẹni tó gbà á, wọ́n bá dá ẹṣin padà, wọ́n dá ọmọ náà padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún tà á, wọ́n tún tà á. Ìgbà kan wà tí ó jẹ́ pé tábà àti ọtí ni wọ́n fi ra ọmọ èèyàn. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ débi pé ó wù ú kí ó kú ju kí ó dé ọwọ́ àwọn òyìnbó létí òkun lọ. Ọlọ́run ni ò gbà.

Tí mo bá fẹ́ kọ ibí yìí ní Gẹ̀ẹ́sì, passive ni mo máa lò láti òkè délẹ̀: was taken, was exchanged, was returned, was sold. Ọ̀gá wa ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó rà á tó tún tà á pọ̀, orúkọ ọ̀pọ̀ wọn ò sì sí nínú ìwé kankan. Ẹni tí ìtàn ń tẹ̀ lé ni ọmọ náà. Tí a bá ń fi olówó tuntun ṣíwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, Àjàyí á sọnù láàárín wọn. Iṣẹ́ tí passive voice wà fún gan-an nìyí: kí ojú wa lè dúró lára ẹni tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí.

Èkó ni wọ́n ti tà á fún àwọn Potogí. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo so ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ lọ́rùn, àgbà àti ọmọdé. Orúkọ ọkọ̀ tí wọ́n kó wọn sí ni Esperanza Felix. Mo wá ìtumọ̀ rẹ̀: ìrètí ayọ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ tí èèyàn sọ ọkọ̀ ẹrú!

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ HMS Myrmidon dá ọkọ̀ náà dúró lójú òkun, ó sì gba àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Sierra Leone, níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín níbí. Nínú àwọn ìwé tí mo rí, tí wọ́n bá dé orí ìdásílẹ̀ yìí, active ni wọ́n máa ń lò: ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n là. Òótọ́ ni, a sì dúpẹ́. Àmọ́ ọdún 1807 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òfin de òwò ẹrú. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ tiwọn náà ti kó ẹrú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí ìwé kan náà bá dé orí ìyẹn, ó di "slaves were carried", "Africans were sold". Ẹni tó ṣe é ti sá wọlé. Àwa náà kọ́ la ò mọ̀ ọ́n ṣe, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ lórí Òṣoògùn. Tó bá jẹ́ oore, olóore á dúró síwájú gbólóhùn. Tó bá jẹ́ ibi, gbogbo wa á sá sẹ́yìn "was".

Ó BẸ̀RẸ̀ SÍ Í ṢE É FÚNRA RẸ̀

Láti ibí lọ, ìtàn náà yí padà, ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ náà sì yí padà.

Àjàyí wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Sierra Leone. Wọ́n ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ, ó sáré wọ ìgboro lọ tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ kí ó lè ra ìwé ABD tirẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Ó tún kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1826, wọ́n mú un lọ sí Ìlú Ọba fún ìgbà díẹ̀. Ní 1827, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay College. Ó fẹ́ ìyàwó, Susan, ọmọbìnrin tí òun náà ti bọ́ lọ́wọ́ òwò ẹrú, Asano ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọmọ wọn ni Herbert Macaulay tí a ń kà nínú Government.

Crowther di tíṣà. Ní 1841, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ ọkọ̀ lọ sórí odò Ọya. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà. Ní 1843, wọ́n fi jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá jáde, ó sì tún tẹ èyí tó kún ju ìyẹn lọ jáde ní 1852. Ó padà sí Freetown, ó sì wàásù ní Yorùbá fún àwọn ará wa tó wà níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1844. Ẹ rò ó wò. Àwọn èèyàn tí wọ́n kó kúrò nílé, tí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń fi jọ́sìn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n gbọ́ èdè ìyá wọn lẹ́nu àlùfáà.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ó máa ń fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, ó ń kó òwe jọ, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí arúgbó àti ọmọdé á jọ gbọ́. Ní 1850, ìwé Róòmù jáde. Àwọn mìíràn bá a ṣe lára iṣẹ́ náà, òun sì ló ń bójú tó o títí tí odindi Bíbélì Yorùbá fi parí ní 1884. Mo mú Bíbélì màmá mi àgbà, mo sì wá ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo passive. Ẹ lè wò ó fúnra yín nílé. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, "a" ni ẹ máa rí ní Yorùbá. "A" yẹn ni mo ti ń rò láti kékeré pé "àwa" ló túmọ̀ sí, tí mo fi ń ka Bíbélì tí kò yé mi. Ṣé ẹ rí i pé ìṣòro tí à ń bá fà nínú kíláàsì wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn bàbá wọ̀nyí ti ń rìn ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn? Wọn ò fi tipátipá mú Yorùbá wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wá ohun tí Yorùbá fúnra rẹ̀ ń lò.

ÌYÁ RẸ̀

N ò lè fo ibí yìí. Ní 1846, Crowther dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ sí i, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ìyá rẹ̀ wá bá a. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti mú wọn. Ìyá náà ò kọ́kọ́ gbà pé ọmọ òun ni. Wọ́n kàn ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, ara ìyá ń gbọ̀n, omi sì ń dà lójú àwọn méjèèjì. Àwọn àbúrò tí ogun tú ká náà, ó rí wọn. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, orúkọ rẹ̀ sì di Hannah.

Mo gbìyànjú láti kọ ibí yìí ní passive fún ìdánwò: "The mother was found." Ó tọ̀nà, àmọ́ ó tutù bí ẹ̀bà àná. Ó yá mi lẹ́nu, torí èmi ni mo kọ ọ́. Ìyá ló rìn wá. Ọmọ ló dì mọ́ ìyá rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ń fẹ́ active.

BÍṢỌ́Ọ̀BÙ

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ oyè náà. Henry Venn, akọ̀wé CMS, ló sa gbogbo agbára rẹ̀ kí ó tó ṣeé ṣe. Henry Townsend, míṣọ́nnárì tó wà ní Abẹ́òkúta, kò fẹ́ ẹ. Ó ti kọ̀wé láti 1851 pé kò yẹ kí aláwọ̀ dúdú jẹ bíṣọ́ọ̀bù lórí òyìnbó. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn máa ń yin Townsend, torí òun ló dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní 1859, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́. Ó tọ́ ká yìn ín fún ìyẹn. Ó sì tọ́ ká sọ èyí náà, ká sì dárúkọ rẹ̀. Nítorí àwọn tó rò bíi tirẹ̀, agbègbè tí wọ́n fún Crowther kò kan Abẹ́òkúta, kò sì kan Èkó. Odò Ọya ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí jù.

Ó ṣe iṣẹ́ náà ju ogún ọdún lọ pẹ̀lú àwọn àlùfáà tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀. Venn kú ní 1873. Àwọn tuntun dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti Ìlú Ọba jókòó ìpàdé pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn àlùfáà rẹ̀, wọ́n sì dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ní ìjókòó. Bàbá náà fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Ó padà sí Èkó, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ó kú. "He died." Mo ti wá mọ ìdí tí n ò fi lè sọ pé was died. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ò ní àbọ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè "kú" ẹlòmíràn, torí náà kò sẹ́ni tí a lè fà wá síwájú gbólóhùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni sleep, arrive àti come. Ẹ má ṣe bíi tèmi nínú WAEC o.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní 2014, tó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, olórí ìjọ náà, Archbishop Justin Welby, dìde ní Canterbury kan náà, ó sì tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọ náà fún ohun tí wọ́n fi ojú Crowther rí. Ó pẹ́ kí ó tó dé, àmọ́ ẹni kan jáde wá ní gbangba láti jẹ́ olùwà gbólóhùn yẹn.

OHUN TÍ Ẹ LÈ MÚ LỌ

Ìkíní, ẹ wá ọ̀rọ̀-ìṣe. Tí ẹ bá rí is, was, were tàbí been pẹ̀lú past participle, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ passive.

Ìkejì, ẹ má jẹ́ kí was nìkan tàn yín. "Àjàyí was crying" kì í ṣe passive, òun fúnra rẹ̀ ló ń sunkún. "Àjàyí was sold" ni passive, ẹlòmíràn ló tà á.

Ìkẹta, ẹ béèrè pé ta ló ṣe é. Tí ìdáhùn bá wà nínú gbólóhùn, ẹ máa rí i lẹ́yìn "by". Tí kò bá sí, ẹ béèrè ìdí tí kò fi sí.

Ìkẹrin, tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ lò ó, ẹ lò ó nígbà tí ẹ ò bá mọ ẹni tó ṣe é, tàbí nígbà tí ẹni tí wọ́n ṣe é sí bá ṣe pàtàkì jù. Ẹ má lò ó láti fi ẹnì kan pamọ́.

ÈMI NÁÀ

Ọ̀rọ̀ tí mo ní mo máa sọ níkẹyìn dé. Ní táàmù tó kọjá, ìròyìn kan jáde lára pátákó yìí pé gíláàsì fèrèsé láíbìrì fọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́: "The library window was broken." Èmi ni mo kọ ọ́. Inú mi tiẹ̀ dùn pé gírámà rẹ̀ tọ́. Nítorí ìròyìn yẹn, àwọn ọmọ JSS2 tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ láíbìrì gé koríko fún ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn. Wọ́n ń sọ pé àwọn kọ́, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́.

Òjò ló fẹ́ rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo fi agbára ti fèrèsé, ó sì fọ́. Mo wò yí ká, kò sẹ́ni tó rí mi. Mo lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, mo kọ ìròyìn.

Nígbà tí mò ń kọ ìtàn bàbá yìí, tí mò ń bi gbogbo ayé pé ta ló ṣe é, ọwọ́ mi ò lè lọ mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ bá olùkọ́ tó ń tọ́jú láíbìrì, mo sì jẹ́wọ́. Mo ti ń san owó gíláàsì náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oúnjẹ mi. Mo lọ bá àwọn ọmọ JSS2 náà, mo bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ò tíì dá mi lóhùn títí di òní, n ò sì bá a wí.

Ṣùgbọ́n orí pátákó yìí ni mo ti kọ ìròyìn yẹn, torí náà orí pátákó yìí ló yẹ kí n ti tún un kọ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìròyìn náà rèé ní active voice: Èmi ni mo fọ́ fèrèsé láíbìrì.

Ẹ lè lọ bá ẹlẹ́wà báyìí.